Ọ̀pá Ìlù Tí Wọ́n Wé Sínú Aṣọ Funfun

Kí Adélékan tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kútọnu ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, etí rẹ̀ ti pàdé ìlù ńlá. Láti ìhà àdúgbò Jonquet ni ìró náà ti ń bọ̀, tìmù, tìmù, tìmù, ó ń gba orí òrùlé páànù kọjá. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ó dúró, àpótí irinṣẹ́ lórí rẹ̀, ó dẹtí. Ẹni tó bá gbé ìlù kan kọ́ àyà fún ọdún mẹ́fà, bí ìyá ṣe ń dá ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ogún ọmọ ló ṣe máa ń dá ohùn ìlù náà mọ̀. Ìlù rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó ń lù ú ni kò mọ̀. Ọwọ́ náà le, ó sì ń kánjú. Ó ń sọ̀kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀.

Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ó dáa, wọ́n ti rí ẹni tí yóò bá òun dì í mú. Ìlù kì í dákẹ́ nítorí pé onílù re àjò. Kò yà sílé mọ́, ó forí lé ilé Ọ̀gá Francisco, aṣíwájú àwọn onílù, níbi tí wọ́n ti ń dánra wò.

Ká tó bá a débẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń sáré sí. Ayé àwọn Faransé ni, ọdún kejì tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí dé Parakú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kútọnu nígbà náà, àwọn tó ti ilẹ̀ Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣòwò àti àwọn tí bàbá bàbá wọn ti Bìràsíìlì padà bọ̀, Mùsùlùmí wọn àti Àgùdà wọn, ní ẹgbẹ́ onílù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀. Kò sí fèrè níbẹ̀, kò sí orin. Ìlù ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni, bí irú ti àwọn ṣọ́jà: ìlù pẹrẹsẹ mẹ́jọ, àti ìlù ńlá kan ṣoṣo tó ga dé àgbọ̀n ẹni tó gbé e. Láti Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejì ni wọ́n ti máa ń dánra wò, ní Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, ọjọ́ àjọ̀dún àwọn Faransé, tí wọ́n á tò láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ìdí afárá irin tó wọ inú òkun. Ìyẹn ni ọdún ìlù kan. Ẹni tó bá ṣe ọdún ìlù méje láì já, wọ́n á fi irin gbígbóná kọ orúkọ rẹ̀ sára igi ìlù ńlá, yóò sì di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé, ì báà ṣì lè gbé ìlù, ì báà má lè gbé e mọ́. Ẹni tó bá já láàárín, ọ̀kan ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Adélékan ti ṣe mẹ́fà. Ó ti lé lọ́dún márùndínláàádọ́ta, orókún rẹ̀ ọ̀tún tí igi rélùwéè kan ti já lù rí sì máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé orókún náà lè gbé òun dé ìkeje. Kò lè gbé òun bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àwọn àgbà ní ó ju èje lọ.

Ní oṣù karùn-ún ni òjò wó afárá kan lókè Ṣábẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà rélùwéè ni Adélékan. Àṣálẹ́ ni òyìnbó pè é, ó ní ọkọ̀ á gbéra ní ìdájí. Ó dágbére fún ìyàwó rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà.

Bó ṣe wọ àgbàlá Ọ̀gá Francisco, ìlù dákẹ́. Ọ̀gá Francisco, ọkùnrin gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, sọ ọ̀pá aṣíwájú rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Géndé kan tó ń ru ẹrù ní etí òkun, Múrítàlá lorúkọ rẹ̀, ló gbé ìlù ńlá kọ́ àyà, ó ń làágùn.

"Ẹ kú ìdánrawò o," ni Adélékan wí.

"Adélékan, o kú ìrìn," Ọ̀gá Francisco dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

Rájí, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó ń ta aṣọ ní ọjà tó sì ní ahọ́n tó mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ, kọjú sí ìyàwó Ọ̀gá Francisco níbi tó ti ń gún ata. "Ìyá Victoire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi fún àlejò."

"Rájí, ta ni àlejò?" ni Adélékan bi í.

"Ẹni tó bá dé tí a ò retí rẹ̀."

"Mo ti dé. Múrítàlá, o ṣeun, o kú iṣẹ́. Sọ ìlù yẹn kalẹ̀ kí n bá ọ gbà á."

Múrítàlá kọjú sí Ọ̀gá Francisco. Ọ̀gá Francisco wúkọ́. "Adélékan, o dá ọ̀pá padà."

Ọ̀rọ̀ náà bà á bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Gbogbo ọmọ Ìrẹ́pọ̀ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlù, ti ẹgbẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbé e wá fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìlù, onílù ló ń gbẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé rẹ̀ ni ọ̀pá náà ń sùn. Ẹni tó bá dá ọ̀pá padà, ara rẹ̀ ló dá padà. Bó bá jù ú sílẹ̀ lásán, ìjà ló bá lọ. Bó bá wé e sínú aṣọ funfun, ó lọ pẹ̀lú àlàáfíà, a sì gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn láyè bí ọjọ́ méje bá ti pé.

"Nínú aṣọ funfun ni," Rájí fi kún un, "aṣọ tó mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ló fọwọ́ ara wọn tú u. A ní, áà, ọmọlúàbí ni Adélékan, ó mọ bí a ṣe ń lọ."

"Ta ló gbé e wá?" Bí Adélékan ṣe béèrè ló ti mọ̀.

"Ìyàwó rẹ."

Adélékan kọjú sí Ọ̀gá Francisco. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pe ìpàdé fún mi."

"Ọjọ́bọ̀," ni Ọ̀gá Francisco wí.

Lọ́lá, ìyàwó Adélékan, kò tíì pé ọdún kan tó ti Abẹ́òkúta dé. Ó ti gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti dé, ó ń wojú ọ̀nà. Nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gba àpótí lórí rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan títí ó fi jẹun tán.

"Lọ́lá, kí ni mo wí fún ọ lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ?"

"Ẹ ní òrùlé ń jò, kí n gbé ìlù lọ sílé Ọ̀gá Francisco. Ẹ tún ní kí n máa bá yín mójú tó o."

"Ìlù ni mo wí."

"Ìlù náà ni mo gbé."

"Ọ̀pá ńkọ́?"

Lọ́lá wò ó bí ẹni pé oòrùn òkè Ṣábẹ̀ ti pa á lórí. "Ṣé ìlù á máa fi ẹnu lu ara rẹ̀ ni? Nílé bàbá mi, wọn kì í gbé odó lọ pamọ́ kí wọ́n fi ọmọ odó sílẹ̀. Mo fi ìborùn mi wé e kí eku má baà jẹ òwú orí rẹ̀."

"Ìborùn funfun."

"Ìyẹn ló mọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Adélékan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ni. Ọ̀ràn náà dùn ún dé ibi tí ẹkún ò ti ní ran nǹkan kan. Ó wá ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni Lọ́lá ń dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, kó tó parí, ó ti so gèlè.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ wí fún wọn pé èmi ni mi ò mọ̀."

"Jókòó. Àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi tí mi ò sọ fún ọ ni mo jẹ̀bi. Bí o bá dé iwájú Rájí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, á sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ tí ọmọ ọmọ wa á bá láyé. Wọ́n á máa pè ọ́ ní ìyàwó aláṣọ funfun láti ibí dé Agblangandan. N ò fẹ́ ẹ. Ọkùnrin kì í fi orí ìyàwó rẹ̀ ṣe àga gun orí òtítọ́. Èmi á bá wọn sọ ọ́ fúnra mi, láìdárúkọ rẹ, n ó sì jàre."

"Bí ẹ ò bá wá jàre ńkọ́?"

"N ó jàre."

Lọ́lá jókòó, ṣùgbọ́n kò tú gèlè.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí ọjọ́ àjọ̀dún pé, àwọn onílù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó yíká nínú àgbàlá, kálukú pẹ̀lú ìlù lórí itan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣèpàdé nìyẹn. Ọ̀gá Francisco nìkan ni kò ní ìlù. Òun ló ń darí, kì í dá sí ìdìbò. Adélékan dúró láàárín. Wọ́n fún un ní àga, ó ní òun á dúró.

Rájí tú ìwé ẹgbẹ́, ó kà á jáde: ẹni tó bá kúrò kí ọdún ìlù tó parí kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Ó pa ìwé dé. "Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Adélékan ò tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ó yẹ ká ti parí."

"Mi ò kúrò," ni Adélékan wí. "Wọ́n rán mi níṣẹ́. Ẹni tó re àjò kò kọ ilé. Ìwọ Rájí, ọdún tó kọjá, ta ló lọ ra aṣọ ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹrin?"

"Ọ̀pá mi wà nílé mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adélékan dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Ó dáa. Ẹni tó lọ láàárín ò ní ọdún, ẹ ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé láàárín ńkọ́? Oṣù karùn-ún ni Múrítàlá dé. Bí ọdún yìí ò bá jẹ́ tèmi nítorí pé n kò bá a parí, báwo ló ṣe máa jẹ́ tirẹ̀ tí kò bá a bẹ̀rẹ̀? A jẹ́ pé ìlù ńlá ò ní olúwa lọ́dún yìí. Ṣé ìlù tí kò ní olúwa lẹ fẹ́ gbé kọjá níwájú gómìnà?"

Ìyẹn wọ àwọn kan lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Rájí ò jẹ́ kó tutù. "Ẹni tó dé bá oúnjẹ lórí iná, kò jẹ̀bi. Ẹni tó fa igi yọ lábẹ́ ìkòkò ló jẹ̀bi. Nígbà tí àyè ìlù ńlá ṣófo, ọjọ́ méje gbáko la fi ń lu ìlù pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń fọ àwo."

Àjíṣafẹ́, àgbà wọn, ẹni tí orúkọ tirẹ̀ ti wà lára igi láti ọjọ́ pípẹ́, na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan. Ṣé Adélékan fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀pá wá?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni," Rájí dáhùn.

"Ìyàwó kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́."

"Bàbá, ọwọ́ aya, ọwọ́ ọkọ ni. Bí ìyàwó yín bá lọ kí àna yín, ṣé àna á ní ẹ ò kí òun? Àbí Adélékan, ṣé o fẹ́ sọ fún wa pé o kò rán an?"

Ohun tí Rájí na sí i yẹn, okùn ni. Ó kàn ní kó dì í mú kó fi fa ara rẹ̀ jáde. Kó kàn ní òun ò rán an. Adélékan wo okùn náà, ó wo ibi tí wọ́n so orí rẹ̀ kejì mọ́, ọrùn Lọ́lá ni. "Ohun tó bá ti ilé mi jáde," ó wí, "èmi ló ni ín."

"Ẹ gbọ́ ọ bí?" ni Rájí wí.

Ọ̀gá Francisco fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Adélékan, ọ̀rẹ́ wa ni ọ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, a lè fún ọ ní fìlà, kí o máa bá wa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

"Ọ̀gá, ẹ ṣé. Mi ò bá yín rìn bí àlejò. Kí ẹ kà mí mọ́ yín, tàbí kí ẹ má kà mí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fi ṣí. Lọ́lá ló wọlé, Ìyá Victoire tẹ̀lé e, àwo òrí kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Adélékan mi orí sí i kó padà. Lọ́lá ò wò ó. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, mo wà lẹ́yìn ògiri, mo sì gbọ́. Wọ́n ní ọwọ́ aya, ọwọ́ ọkọ. Ta ló wí i?"

"Èmi ni," ni Rájí wí. "Mi ò sì kó o jẹ."

"Ẹ má kó o jẹ o, bàbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ọwọ́ yìí ló gbé ọ̀pá wá, mi ò mọ̀ pé ohun tó ń wí nìyẹn. Nílé wa, a kì í ya odó kúrò lára ọmọ odó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ mi ni ọwọ́ náà, mo gbà. Ẹ wá bi Ìyá Victoire kí ni ọwọ́ kan náà ń ṣe nílé yìí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Victoire. Ìyá Victoire kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Bí ẹ bá ti jáde tán ló ń wá fi òrí pa awọ ìlù ńlá," ó wí. "Á gbé e síta fún oòrùn, á tún gbé e wọlé. Kò pa ọjọ́ kan jẹ, títí kan ọjọ́ tí òjò dá a dúró síbí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an."

"A ò rán ẹnikẹ́ni," ni Ọ̀gá Francisco wí.

"Ọkọ mi ló rán mi," ni Lọ́lá wí. "Ó ní kí n mójú tó ìlù òun. Tí ọwọ́ mi bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó dá ọ̀pá padà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni lọ́jọ́ mẹ́sàn-án tó ń fi òrí pa ìlù. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi mẹ́sàn-án sílẹ̀."

Adélékan ò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Kò mọ̀ nípa òrí yìí rárá. Àjíṣafẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbà tó ti inú ikùn wá. "Rájí, ọmọbìnrin yìí fi okùn rẹ dì ọ́."

Rájí ò rẹ́rìn-ín. "Fífi òrí pa ìlù kì í ṣe lílù. Mo dúró lórí ìwé."

"Ó tó," ni Ọ̀gá Francisco wí. "Ká dìbò bóyá ọdún yìí ṣì jẹ́ ti Adélékan."

Bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Ìrẹ́pọ̀ rèé: ẹni tó bá gbà, á lu ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá gbà, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bo awọ, á mú un dákẹ́. Ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àjíṣafẹ́ lù. Ẹni tó tẹ̀ lé e bò ó. Rájí bò ó, ọwọ́ méjèèjì ló fi bò ó. Ẹnìkan lù, ẹnìkan bò ó, ẹnìkan lù. Nígbà tí ẹni kẹjọ lù tán, mẹ́rin ti lù, mẹ́rin ti bò. Ó ku ìlù ńlá.

Múrítàlá dìde tìlùtìlù. Bó bá lù ú, ipò tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ làágùn sí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ó na ọ̀pá sí Adélékan. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kí ni mo fẹ́ fi dájọ́ àgbà? Ẹ wá lù ú fúnra yín."

Ọ̀pá náà súnmọ́ ọwọ́ Adélékan. Múrítàlá kò tíì gbẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ Adélékan ló gbẹ́ èyí, igi ìrókò ni, ó mọ ibi tí ojú igi náà ti yí. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Rárá, Múrítàlá. Mi ò lè jẹ́ ẹlẹ́jọ́ kí n tún jẹ́ adájọ́. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ ni kí o ṣe. Bí o bá bò ó, n kò ní bá ọ yan odì. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejì tó ń bọ̀, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. N ó tò sẹ́yìn gbogbo yín, n ó ka ọ̀kan. Bí orókún yìí bá kọ̀, n ó máa fà á."

Múrítàlá fa ọ̀pá padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bi yín. Lókè Ṣábẹ̀ lọ́hùn-ún, kí lẹ ń fi dánra wò?"

"Òòlù."

"Báwo?"

"Gbogbo ìṣó tó wà lára afárá yẹn, ìró ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni mo fi kàn án. Òyìnbó ní kí n yé e, ó ní mò ń mú àwọn òṣìṣẹ́ rìn kúrò nídìí iṣẹ́."

Ẹ̀rín bú jáde, títí kan àwọn tó ti bo ìlù wọn mọ́lẹ̀. Múrítàlá náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé apá sókè. Ó lu ìlù ńlá lẹ́ẹ̀kan. Páànù orí ilé gbọ̀n, adìẹ Ìyá Victoire sá wọ abẹ́ àga.

Rájí mú kálàmù, ó tú ìwé. "Márùn-ún sí mẹ́rin," ó wí. "Mo bò ó, bẹ́ẹ̀ ni mo tún máa bò ó lọ́la. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tádàwà kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. "Ìyàwó Adélékan, ṣé báyìí ni gbogbo yín ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ wà nílé, bàbá. Èmi ni wọ́n fi tọrẹ."

Ọ̀gá Francisco ní kí Múrítàlá gba ìlù pẹrẹsẹ kan tó wà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lù, kí Àjíṣafẹ́ kọ́ ọ ní ohun tó bá lè kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọdún tirẹ̀, ó ní wọ́n á jọ sọ ọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún. Múrítàlá ní kò burú, òun ṣì ní ẹsẹ̀ méjì tó pé.

Ó bọ́ ìlù ńlá kúrò lọ́rùn, ó gbé e fún Adélékan. Ọkùnrin aláyà gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni Múrítàlá, ó ti fa awọ tí wọ́n fi ń kọ́ ìlù náà sọ́rùn gùn. Nígbà tí Adélékan kọ́ ọ, ìlù náà fì sísàlẹ̀ ó kan án nítan. Ó gbé e kúrò, ó jókòó sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa awọ náà wọlé, ihò kan, ihò kejì, títí ó fi dé ihò tí ìdè irin ti jẹ lẹ́nu láti ọdún mẹ́fà. Ó tì í. Ó dìde. Orókún rẹ̀ ké.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gá Francisco wí, ó mú ọ̀pá aṣíwájú rẹ̀ lára ògiri. "Òsì ló ṣáájú."

Adélékan gbé ẹsẹ̀ òsì.